Eré Tí Mo Sá fún Àwọn Ọmọ Èbúté Wa

Màmá mi kì í jókòó sí etí omi. Bí agogo méjì ọ̀sán bá ti lù, yóò fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, yóò nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, yóò sì lọ dúró sí èbúté títí ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé yóò fi yọ lójú ọ̀sà. Mo gbé àpótí ìjókòó lọ fún un lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n gbé e padà, pé ẹni tó bá ti jókòó ti fọkàn balẹ̀, ọkàn tòun kò sì tíì balẹ̀. Ìgbà tó bá rí orí àbúrò mi láàárín orí àwọn ọmọ yòókù ni yóò tó yí padà wálé, yóò wá máa bá mi jà pé mo jẹ́ kí ẹja jóná.

Abúlé wa wà lórí ilẹ̀ iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Àgbádárìgì wà lódìkejì ọ̀sà, ibẹ̀ sì ni ọjà wà, ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn wà, ibẹ̀ náà ni ilé ìwé wà. Ègùn là ń sọ nínú ilé, Yorùbá la fi ń tajà. Ẹja ṣáwá ni èmi àti màmá mi ń yan, èèpo àgbọn la fi ń dáná rẹ̀. Bàbá mi ń bá àwọn apẹja lọ sí òkun, ó lè lo ọjọ́ mélòó kan kó tó padà.

Èmi náà gun ọkọ̀ yẹn lọ sí ilé ìwé títí mo fi dé kíláàsì karùn-ún ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, ọkọ̀ wa dà. Kò sí ẹni tó kú. Àwọn apẹja fà wá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kó ẹja nínú àwọ̀n. Ṣùgbọ́n mo mu omi púpọ̀, báàgì mi àti bàtà mi sì bá omi lọ. Wọ́n ra bàtà mìíràn fún mi, mi ò wọ̀ ọ́ lọ síbì kankan. Màmá mi kò fi ipá mú mi. Ó ní kí n máa bá òun yan ẹja títí òjò yóò fi dá. Òjò dá, mi ò padà. Bí ilé ìwé mi ṣe parí nìyẹn.

Láti ìgbà náà, bó bá di dandan kí n kọjá ọ̀sà, àárín ọkọ̀ ni mo máa ń jókòó sí. Màá di ojú mi, màá sì di etí ìró màmá mi mú. Mo ti di ọmọ ọdún méjìlélógún, mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi kò jọ mí. Ó ti wà ní kíláàsì kejì ní girama, ó fẹ́ràn ìwé, ó sì lẹ́nu. Òun ló máa ń bá mi sọ̀rọ̀ níbi tí ojú bá ti ń tì mí, ibẹ̀ sì pọ̀.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí òjò ń sún mọ́lé, màmá mi sọ̀rọ̀ nídìí àrò láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí kò sí jákẹ́ẹ̀tì ojú omi nínú ọkọ̀ yẹn, ọmọ mi kò ní wọ̀ ọ́ mọ́."

Àbúrò mi dá ọwọ́ oúnjẹ dúró. "Màmá, títí di ìgbà wo?"

"Títí òjò yóò fi dá."

"Ìdánwò mi ńkọ́?"

"Ṣé ìdánwò mọ omi wẹ̀ ni?"

Jákẹ́ẹ̀tì ojú omi ni aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n máa ń dè mọ́ àyà, tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Méjì ló wà nínú ọkọ̀ wa nígbà náà. Àwọn méjèèjì ti ya, awakọ̀ sì ń fi wọ́n ṣe tìmùtìmù. Àbúrò mi wo ojú mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ ohun tí "títí òjò yóò fi dá" ń ṣe fún ọmọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn olùkọ́ ilé ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pé àwọn fẹ́ ṣe eré sísá láti fi wá jákẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ tó ń gba orí omi wá. Láti Ibereko ni wọn yóò ti sáré wá sí etí ọ̀sà nínú ìlú. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sáré yóò wá ẹni tí yóò dúró fún un, ẹni yẹn yóò sì ṣèlérí iye jákẹ́ẹ̀tì tí yóò rà bí ẹni rẹ̀ bá dé òpin. Wọn yóò ta okùn sí òpin. Agogo mẹ́jọ ni eré yóò bẹ̀rẹ̀, agogo mẹ́sàn-án ni wọn yóò tú okùn. Ẹni tí kò bá dé kí wọ́n tó tú u, ìlérí tirẹ̀ ti já.

Àbúrò mi fẹ́ sáré, wọ́n ní ó kéré. Ló bá fi orúkọ mi sílẹ̀. Mi ò mọ̀ títí ó fi gbé ìwé náà wálé.

Mo ní, "Èmi? Kí àwọn èèyàn máa wò mí?"

Ó ní, "Àǹtí mi, eré lẹ fẹ́ sá, ẹ ò fẹ́ jó. Wọn ò tíì ní wò yín tán tí ẹ ó ti kọjá."

Ìṣòro tó kù ni ẹni tí yóò dúró fún mi. Mi ò lè bẹ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ ọjà ni oníbàárà màmá mi dé, obìnrin ńlá kan tó ń ra ẹja yíyan lọ sí Sẹmẹ àti ọ̀hún ibodè. Tàǹtí là ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí ní ìhà ọ̀dọ̀ wọn. Ó ti ń bá wa rajà láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, mi ò sì lè sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí dáadáa, nítorí mo máa ń kúnlẹ̀ kí i ni, ilẹ̀ ni màá máa wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo mọ̀. Ó ní àpá kan ní ọrùn ẹsẹ̀ òsì.

Bí mo ṣe kúnlẹ̀ báyìí ni àbúrò mi ro gbogbo ẹjọ́ fún un lórí mi.

Tàǹtí bú sẹ́rìn-ín. "Èyí? Èyí tí kò lè wo ojú mi? Ta ló máa sáré, òun àbí ìwọ elẹ́nu gbọọrọ?"

"Òun ni, Tàǹtí. Bó bá gbé ẹja lérí, kò sí ẹni tó lè bá a rìn ní etí òkun."

"Ẹja ni wọ́n fẹ́ gbé sáré ni?" Ó tún rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mélòó ló ń wọ ọkọ̀ ní èbúté yín?"

Àbúrò mi ka orúkọ wọn fún un. Mọ́kànlá ni wọ́n.

Tàǹtí ní, "Ó dáa. Èmi kì í sanwó ẹja tí mi ò tíì fojú rí. Bí ọmọ yìí bá kọjá okùn kí wọ́n tó tú u, màá ra ti gbogbo wọn. Bí kò bá kọjá, ẹ má bínú sí mi. Ṣé a gbà bẹ́ẹ̀, dákọ́ọ̀?"

Màmá mi ní, "Dákọ́ọ̀," ẹ̀rín sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀. Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè.

Ní àràárọ̀ ni mo ń lọ sí etí òkun láti gbìyànjú ẹsẹ̀ mi. Ibi tí omi ti ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́yìn ni mo ń sáré lé, nítorí iyanrìn ibẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Láti kékeré, ọwọ́ kan ti máa ń wà lára ọpọ́n lórí mi. Bí kò ti sí ọpọ́n, ọrùn mi ń yí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Àbúrò mi jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ń sáré bí adìẹ tó fi ẹyin pamọ́ sí abíyá."

Mo gbé ọpọ́n òfìfo kan lérí, mo tún sá a. Ó ṣí ẹnu sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ eré, pẹ̀lú ọpọ́n lórí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, láìsí ọpọ́n lọ́sẹ̀ kejì. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo mọ̀ nínú ara mi pé bí ọ̀nà bá ṣí, màá dé kí wọ́n tó tú okùn. Ohun tí mi ò rò ni pé àwọn èèyàn yóò wà lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Sátidé ni. A tètè kọjá ọ̀sà, mo di ojú mi, mo di ìró màmá mi mú. Màmá mi àti àbúrò mi dúró sí ibi okùn, èmi bá àwọn yòókù wọ mọ́tò lọ sí Ibereko. Kánfáàsì àbúrò mi ni mo wọ̀, ó há mi díẹ̀. Wọ́n fi píìnì so nọ́ńbà mọ́ mi láyà. Wọ́n fọn fèrè, a sì gbéra.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Ẹsẹ̀ mi fúyẹ́. Mo kọjá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pariwo ju bí wọ́n ṣe ń sáré lọ. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìyá àgbà kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ó ń ra ẹja lọ́wọ́ wa. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi ti wà nílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà."

"Bàbá ti ti òkun dé?"

"Wọn ò tíì dé, mà."

Gbogbo àwọn tí mo ti kọjá tún kọjá mi. Mo dìde, mo sáré. Kò pẹ́, mo rí bàbá tó ń ta okùn àwọ̀n. Mo kúnlẹ̀. Mo rí àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin tí wọ́n ń pín omi fún wa, mo kúnlẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ní òun kò gbọ́, mo tún kúnlẹ̀. Ọmọkùnrin kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé eré lẹ̀ ń sá àbí ẹ̀ ń wá owó tó jábọ́?"

Mo mọ̀ pé mò ń ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, ewúrẹ́ nìkan ló máa ń gba iwájú àgbà kọjá láìkí i. Ohun mìíràn tún wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìkúnlẹ̀ ni mo fi ń sá pamọ́. Bí mo bá ti kúnlẹ̀, ilẹ̀ ni mò ń wò, ẹnikẹ́ni kò lè rí ojú mi.

Mo ti ju ìdajì ọ̀nà lọ nígbà tí mo rí bàbá arúgbó kan níwájú mi. Àwọn àgbà tó fẹ́ kópa, àárín ọ̀nà ni wọ́n ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì fún wọn ní àkókò. Ó mú ọ̀pá dání, ó ń rọra rìn, nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ ẹ̀yìn yẹn. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ni, òun ló sì kọ́ wa ní kíláàsì karùn-ún. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dà, bí mo bá rí i nínú ọjà, ẹ̀yìn ìsọ̀ ni mo máa ń gbà.

Àwọn kan ń sá kọjá lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Èmi kò lè kọjá. Mo dín ẹsẹ̀ kù, mo ń tẹ̀lé e. Ó gbé ẹsẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀. Ó dúró nu ojú, mo dúró. Ó ṣe díẹ̀, ó sọ̀rọ̀ láìbojú wẹ̀yìn.

"Ta ló ń tẹ̀lé mi bí òjìji?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ó yí padà, ó wò mí pẹ́. "Ìwọ kọ́ ni ọmọ etí òkun tó máa ń jókòó sí ìlà ẹ̀yìn?"

"Èmi ni, sà."

"O kò padà wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo fi orúkọ rẹ sílẹ̀ nínú ìwé ìpè fún sáà méjì. Ní àràárọ̀ ni mò ń pè é. Àwọn ọmọ á ní, 'Kò sí, sà.' Mo tún pè é lọ́jọ́ kejì."

Mo ń wo bàtà rẹ̀.

Ó ní, "Kí ló dé tí o kò kọjá mi? Nọ́ńbà eléré ló wà láyà rẹ."

"Ẹ̀yin lẹ wà níwájú, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó wá béèrè ẹni tó dúró fún mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ Tàǹtí fún un, mo sọ ti àwọn ọmọ mọ́kànlá, mo sì sọ pé bí mi ò bá dé, àbúrò mi kò ní lọ sí ilé ìwé nígbà òjò. N kò tíì bá a sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí o bá ń tẹ̀lé mi, ọ̀sán la ó débẹ̀. Kọjá."

"Mi ò lè kọjá yín, sà."

"Ọmọ yìí, mo ní kí o kọjá!"

Orúnkún mi kò gbéra. Ló bá mirí, ó kúrò lójú ọ̀nà, ó lọ síbi igi àgbọn kan, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Mi ò sí lójú ọ̀nà mọ́. Okùn bàtà mi ni mò ń so."

Bàtà rẹ̀ kò ní okùn. Sálúbàtà ni.

Mo dìde, mo sáré. Mo gbé ojú mi sókè, mi ò wo ilẹ̀, mi ò wo ẹgbẹ̀ẹ́. Mo gbọ́ tí ẹnì kan pè mí láti ojú fèrèsé, mo ní, "Ẹ má bínú, mà!" lórí eré. Ọwọ́ mi rí ohun tó ń ṣe. Ọrùn mi dúró gbọn-in bíi pé ọpọ́n wà lórí rẹ̀. Atẹ́gùn ọ̀sà fẹ́ sí mi lójú, mo sì rí okùn náà, okùn àwọ̀n aláwọ̀ ewé tí wọ́n na sílẹ̀ láàárín igi méjì. Ọkùnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ sídìí ọ̀kan nínú igi náà láti tú u, fèrè ti wà lẹ́nu rẹ̀. Màmá mi dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí. Àbúrò mi ń fò sókè.

Àga kan wà ní ìhà ibi tí mo wà, ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí okùn. Ẹsẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ àga náà ní àpá ní ọrùn ẹsẹ̀ òsì.

Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Tàǹtí."

Ariwo ta. Gbogbo èbúté ń ké pé, "Kọjá okùn ná! Kọjá okùn!" Àbúrò mi ń ké pé, "Àǹtí mi, mo bẹ̀ yín, ẹ kí wọn lọ́la!" Ẹni tó mú fèrè ń wo aago rẹ̀. Èmi ṣì wà nílẹ̀, nítorí Tàǹtí kò tíì dá mi lóhùn, èèyàn kì í sì í dìde kí àgbà tó dáhùn.

Tàǹtí kò dáhùn. Ó dìde, ó gbé ìró rẹ̀ sókè, ó rìn kọjá okùn pẹ̀lú gbogbo ara ńlá rẹ̀, ó yíjú padà sí mi, ó sì ní, "Mi ò gbọ́. Wá kí mi níbí."

Mo dìde, mo gbé ìgbésẹ̀ mẹ́ta, mo kọjá okùn, mo tún kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Tàǹtí."

Fèrè dún.

Ó ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi. Gbójú sókè kí n rí ẹja tí mo rà."

Mo gbójú sókè. Ojú rẹ̀ kéré ju bí mo ṣe rò lọ, ehín iwájú rẹ̀ kan sì ti kán.

Ó tó ìdajì wákàtí kí ọ̀gá ilé ìwé mi tó dé. Wọ́n ti tú okùn, àwọn èèyàn ti ń lọ. Mo dúró dè é. Nígbà tí mo kúnlẹ̀, ó ní, "Ó wà," bí ẹni tó ń sàmì sí orúkọ mi nínú ìwé ìpè. Mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Tàǹtí fi ọkọ̀ kó jákẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ránṣẹ́. Àbúrò mi wọ tirẹ̀, inú bí i lójú ẹsẹ̀, ó ní ó ń ba yunifọ́ọ̀mù tí òun lọ̀ jẹ́. Màmá mi ní kí ó máa wọ yunifọ́ọ̀mù tó rún lọ, òun kò ní kọ̀. Ó fa okùn rẹ̀ le, ó tún fà á, títí àbúrò mi fi ní òun kò lè mí mọ́.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́jọ́ Túsìdé kan. Àbúrò mi lọ sí ilé ìwé. Bí agogo méjì ti lù, màmá mi fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó sì lọ sí èbúté bó ṣe máa ń lọ. Omi ń ru díẹ̀. Mo ń wò ó láti ìdí àrò. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà, ó sì pè mí kí n gbé àpótí ìjókòó wá.